Tẹ́tẹ́ ní Ìlú Tí Ajé Gúnlẹ̀ Sí: Láti Orí Ọfà Mẹ́kà dé Orí Kasínò

 

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, àdúrà ni orúkọ Ajégúnlẹ̀. Ẹni tó bá pè é ń sọ pé ajé ti gúnlẹ̀ síbí. Ṣùgbọ́n ajé wo? Àti pé ọ̀nà wo ni ó gbà wọlé? Ìbéèrè yìí ni ó mú mi kọ ohun tí mo fẹ́ kọ lónìí.

Ní ọjọ́ kan lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ fún àwọn àgbà ọmọ ilé kéú wa kí wọ́n jiyàn lé e lórí. Mo ní: bí ọlọ́rọ̀ kan bá fẹ́ kọ́ kasínò, ìyẹn ilé tẹ́tẹ́ ńlá, sí àdúgbò wa láàárín Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, ṣé kí á gbà tàbí kí á kọ̀? Mo rò pé mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà yóò já sí. Ọmọ tó ní kí á kọ̀ dìde, ó ní, "Hàràámù ni," ó sì jókòó. Ọmọ tó gbèjà kasínò ní tirẹ̀ wí pé: "Àlùfáà, ẹ má bínú. Bàbá mi wà nílé láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn ní èbúté. Bí kasínò bá gba ọgọ́rùn-ún ènìyàn síṣẹ́, tí ó tan iná sí òpópónà, tí ó san owó orí fún ìjọba, ta ni ó pa lára? Ẹni tí kò bá fẹ́ wọlé, kó má wọlé." Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un.

Mi ò bínú sí i, ṣùgbọ́n oorun ò kùn mí lóru ọjọ́ náà. Mo rí i pé a ti kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìdájọ́, a kò kọ́ wọn ní ìtàn tó wà lẹ́yìn ìdájọ́. Ìtàn náà ni mo fẹ́ sọ.

ỌFÀ MẸ́KÀ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn Lárúbáwá ìgbà àìmọ̀kan kò ní àwíjàre fún tẹ́tẹ́ wọn. Wọ́n ní in dáadáa. Máyísírì ni wọ́n ń pè é. Gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ti ṣàlàyé, wọn a ra ràkúnmí kan láìsan owó rẹ̀, wọn a pa á, wọn a sì pín ẹran náà. Ọfà 10 ni wọ́n máa ń kó sínú àpò. Ọfà 7 ní ìpín, láti orí ìpín kan dé orí ìpín méje. Ọfà 3 kò ní nǹkan kan. Ẹni tí ọfà rẹ̀ bá jáde pẹ̀lú ìpín ti jẹ, ẹni tí tirẹ̀ bá ṣófo ni yóò san owó ràkúnmí. Ní ìgbà ọ̀dá àti òtútù, àwọn tó jẹ máa ń fi ẹran náà fún àwọn tálákà, wọn a sì máa fi í yangàn láàárín ẹ̀yà wọn.

Ẹ kíyè sí i: tẹ́tẹ́ tí ó ń bọ́ tálákà ni. Ìdí nìyí tí Àlùkùránì fi kọ́kọ́ gbà nínú Súrà Bákárà, áyà 219, pé àǹfààní wà nínú ọtí àti tẹ́tẹ́ fún àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ wọn tóbi ju àǹfààní wọn lọ. Ọlọ́hun kò sẹ́ àǹfààní náà, Ó gbé e sórí òṣùwọ̀n ni. Lẹ́yìn náà ni èèwọ̀ pátápátá wá nínú Súrà Máídà, áyà 90 àti 91, pẹ̀lú ìdí rẹ̀: ó ń dá ọ̀tá àti ìkórìíra sílẹ̀ láàárín ènìyàn, ó sì ń ṣẹ́rí ẹni kúrò níbi ìrántí Ọlọ́hun àti ìrun kíkí. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ lónìí pé kasínò yóò fún ìlú ní owó, ohun tí ó ń sọ kò jẹ́ tuntun. A ti gbọ́ ọ ní Mẹ́kà, a sì ti dáhùn rẹ̀ ní Mọ̀dínà.

LÁTI ORÍ OWÓ ẸYỌ DÉ ORÍ PÚÙLÙ

Ní ilẹ̀ Yorùbá náà, tẹ́tẹ́ kì í ṣe àlejò. Àwọn baba wa mọ bí a ṣe ń da owó ẹyọ sílẹ̀ láti fi ta tẹ́tẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìyàtọ̀ láàárín tẹ́tẹ́ àti eré. Ayò ọlọ́pọ́n jẹ́ eré ọgbọ́n. Ẹni tí a bá ta lónìí lè ta wá lọ́la, kò sì sí ẹni tí yóò pàdánù oko rẹ̀. Gbèsè ni àwọn àgbà ń bẹ̀rù nínú tẹ́tẹ́, nítorí pé láyé ìgbà náà, gbèsè lè sọ ọmọ ẹni di ìwọ̀fà ní ilé onílé.

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé, òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n fi lélẹ̀ fún Nàìjíríà lápapọ̀ ní 1916 ka ilé tẹ́tẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀. Láìpẹ́ ni ìyípadà ńlá dé Àpápá. Láàárín 1921 àti 1926, wọ́n kọ́ ibùdókọ̀ òkun mẹ́rin àkọ́kọ́ sí Àpápá, àwọn ọkọ̀ ńlá sì bẹ̀rẹ̀ sí í gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí, iṣẹ́ a gúnlẹ̀ síbẹ̀. Àwọn ènìyàn wá láti ilẹ̀ Yorùbá, láti ilẹ̀ Ìgbò, láti apá odò, láti òkè ọya, wọ́n ń ru ẹrù ní èbúté, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń sùn ní Ajégúnlẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ ni owó ilé ti ká wọn. Ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá ń gba owó oṣù ni tẹ́tẹ́ máa ń mọ ojú ọ̀nà ilé rẹ̀.

Tẹ́tẹ́ tí ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ni púùlù. Ní ìlú Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ilé iṣẹ́ Littlewoods ti bẹ̀rẹ̀ ní 1923. Èèyàn a jókòó, a kọ lé orí ìwé kékeré pé ẹgbẹ́ méjì báyìí yóò gbá ọ̀mì. Nígbà tí ó dé ilẹ̀ wa, ẹni tí kò rí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ bọ́ọ̀lù wọn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, mo ní ọ̀rẹ́ kan tí a jọ ń jókòó. Òṣìṣẹ́ èbúté ni bàbá rẹ̀, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í mutí. Púùlù nìkan ni wọ́n ń ta. Ní sáà ìwé kan, a kò rí ọ̀rẹ́ mi mọ́. Ìyá mi ló sọ fún mi pé owó ìwé ti bá púùlù lọ, ọmọ náà sì ti lọ kọ́ iṣẹ́ fókáníísà. Kò sí ẹni tó lu ẹnikẹ́ni, kò sí olè tó wọlé. Síbẹ̀, wọ́n jí ìwé ọmọ náà lọ.

KÀLÒKÀLÒ

Lẹ́yìn púùlù ni ẹ̀rọ tí a ń pè ní kàlòkàlò. Èèyàn a ju owó ẹyọ sí i lẹ́nu, a fa apá rẹ̀, a máa retí kí ó pọ owó. Ẹ rántí bí ìlú ti rí nígbà náà. Epo rọ̀bì ti mú owó wọlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975, àwọn òṣìṣẹ́ gba àjẹsílẹ̀ owó Údojì. Ní ọdún yẹn kan náà, ọkọ̀ tó ru sìmẹ́ńtì wá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn fi ń dúró lójú òkun tí wọn kò rí àyè gúnlẹ̀ sí Àpápá. Owó pọ̀ lọ́wọ́, ẹ̀rọ tó ń gbé owó mì sì pọ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ní 1977, ìjọba ológun ṣe òfin tó de kíkó ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ wọ ilẹ̀ yìí, ṣíṣe é, níní in àti lílò ó. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ di èyí mú dáadáa. Òfin náà kò ti ọwọ́ àlùfáà wá, kò sì ti ọwọ́ páítọ̀ wá. Ìjọba ayé ni ó wo ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe fún ìlú, tí ó sì ní kí wọ́n gbé e kúrò.

Ṣùgbọ́n ohun tí òfin bá lé lọ, bí ọkàn ènìyàn bá ṣì ń fẹ́ ẹ, yóò gba ojú fèrèsé padà. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn ẹ̀rọ kékeré bẹ́ẹ̀ tún padà sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀pọ̀ àdúgbò tálákà. Ọmọ tí a rán lọ ra iyọ̀ lè fi ṣéńjì rẹ̀ ta á.

LỌ́TÌ, BỌ́Ọ̀LÙ ÀTI KASÍNÒ

Ní 2001 ni ilé iṣẹ́ Premier Lotto, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Ìjẹ̀bú, bẹ̀rẹ̀. Ní 2004, ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin lọ́tìrì tirẹ̀. Ní 2005, ìjọba àpapọ̀ náà ṣe tirẹ̀. Láti nǹkan bí 2009 síwájú ni tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé. Nairabet ṣáájú, Bet9ja sì tẹ̀lé e ní 2013. Tẹ́tẹ́ kò dúró sí ilé kan mọ́, ó ti wọ inú àpò sòkòtò.

Ọ̀rọ̀ yìí dun ni ní Ajégúnlẹ̀ ju ibòmíràn lọ, nítorí pé ìlú bọ́ọ̀lù ni wá. Láàárín wa ni Samson Siasia, Emmanuel Amuneke, Taribo West àti Odion Ighalo ti jáde. Ní 1994, Amuneke ló gbá góòlù méjèèjì tí Nàìjíríà fi na Zambia nínú àṣekágbá Ife Áfíríkà ní Túnísíà. Ní 2019 ní ilẹ̀ Íjíbítì, Ighalo gbá góòlù márùn-ún, òun ló sì gbá góòlù jù nínú ìdíje náà. Àwọn wọ̀nyí fi òógùn ara wọn jẹun nínú bọ́ọ̀lù. Lónìí, ọmọ tó yẹ kó wà lórí pápá wà ní ìdí fóònù, ó ń fi owó oúnjẹ rẹ̀ sọ ohun tí ẹlòmíràn yóò gbá. Bọ́ọ̀lù kan náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń kọ́ ara, èkejì ń tú u.

Ti kasínò ńkọ́? Kò ṣàjèjì sí Èkó. A ti mọ̀ ọ́n nínú àwọn ilé ìtura ńlá ní Victoria Island, bí irú Federal Palace tí a ṣí ní 1960. Ẹni tó ń lọ síbẹ̀ ní láti múra, kó wọ ọkọ̀, kó sì sọdá omi. Kí kasínò wà ní ẹ̀yìnkùlé ẹni tó ń gba owó iṣẹ́ òòjọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Tálákà kò ní láti wá a lọ mọ́. Òun ni yóò máa wá tálákà.

Ẹ JẸ́ KÍ Á ṢE ÌṢIRÒ

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ rò pé ẹni tí kò jẹ kò mọ̀ ọ́n ta ni. Ẹ gbé gègé yín.

Nínú lọ́tìrì tí wọ́n ti ń mú nọ́ńbà márùn-ún nínú 90, ọ̀nà 4,005 ni a lè gbà mú nọ́ńbà méjì-méjì. Nínú nọ́ńbà márùn-ún tó jáde, méjì-méjì 10 péré ló wà. Bí ènìyàn 4,005 bá mú oríṣiríṣi, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì fi ₦100 sílẹ̀, ₦400,500 ló wọlé. Àwọn 10 ló jẹ. Bí ilé tẹ́tẹ́ bá ń san ìlọ́po 240, ẹnì kọ̀ọ̀kan gba ₦24,000, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦240,000. Ilé tẹ́tẹ́ kó ₦160,500 sápò. Ènìyàn 3,995 lọ sílé lọ́wọ́ òfo, ṣùgbọ́n àwọn 10 nìkan ni ìlú yóò máa sọ̀rọ̀ wọn.

Nínú kasínò, kẹ̀kẹ́ kan wà tó ní ojú 37, láti 0 dé 36. Bí ènìyàn 37 bá fi ₦1,000 sórí ojú kọ̀ọ̀kan, ₦37,000 ló wà lórí tábìlì. Ẹni tó jẹ gba ₦36,000 pẹ̀lú owó tirẹ̀ nínú. Ilé gba ₦1,000. Ó dà bí ẹni pé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí kẹ̀kẹ́ náà bá yí ní ìgbà 100 lóru ọjọ́ kan, ₦100,000 ni ilé ti gbà láìta ọjà kankan. Ojúure Ọlọ́hun tàbí ọgbọ́n olùta kò sí níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

ÀWỌN ÌLÚ TÓ TI JIYÀN YÌÍ RÍ

Ìjiyàn tí àwọn ọmọ kéú mi jà kì í ṣe tuntun láyé. Ní 30 January 2007, ìgbìmọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yan ìlà-oòrùn Manchester, níbi tí àìríṣẹ́ṣe ti pọ̀, fún kasínò tó tóbi jù ní ilẹ̀ wọn. Ìlérí iṣẹ́ ni wọ́n ṣe fún àwọn ará ibẹ̀. Ní 28 March ọdún náà, ilé aṣòfin àgbà wọn kọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìbò 123 sí 120. Ìbò mẹ́ta péré! Nígbà tó fi di 2008, ìjọba ti pa èrò náà tì.

Ní Richmond, olú ìlú Virginia ní Amẹ́ríkà, àwọn aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ ní apá gúúsù ìlú náà tí wọ́n fẹ́ kọ́ kasínò sí. Àwọn ará ìlú dìbò ní November 2021, àwọn tó kọ̀ sì fi díẹ̀ borí. Àwọn oníkasínò tún padà wá ní 2023 pẹ̀lú ìpolówó ńlá. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ju 60 lọ nínú 100 tó ní àwọn kò fẹ́.

Singapore ní tirẹ̀ gbà. Ní April 2005, ìjọba wọn kéde pé àwọn yóò fàyè gba kasínò méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn Mùsùlùmí àti àwọn Kírísítẹ́nì wà lára àwọn tó tako ó. Ní 2010 ni wọ́n ṣí méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ wo odi tí wọ́n mọ yí i ká. Àlejò láti òkè òkun ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ onílùú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san 100 dọ́là Singapore fún ọjọ́ kan kó tó wọlé, wọ́n sì sọ ọ́ di 150 ní 2019. Aya, ọkọ tàbí òbí lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi òfin de ẹni wọn láti má wọlé rárá. Bí oúnjẹ tí olóúnjẹ sè bá dára, ṣé yóò máa lé àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò nídìí rẹ̀?

Ìdáhùn ọ̀rọ̀ "ẹni tí kò bá fẹ́ wọlé, kó má wọlé" nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi kékeré kò wọ ilé púùlù rí. Bàbá rẹ̀ ló wọ̀ ọ́, ọmọ ló san owó rẹ̀.

ILẸ̀KÙN TÓ WÀ NÍTÒSÍ

Ní 22 November 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Nàìjíríà dá ẹjọ́ tí ìpínlẹ̀ Èkó ti gbé lọ láti 2008. Wọ́n fagi lé òfin lọ́tìrì ti ìjọba àpapọ̀ ti 2005, wọ́n ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní agbára lórí lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ ìròyìn náà bí ẹni pé ìjà owó láàárín ìjọba méjì ni. Ó kàn wá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀kùn tí a ó kàn kò sí ní Àbújá mọ́, Aláùsá ni ó wà. Aṣòfin tí yóò sọ bí ilé tẹ́tẹ́ ti gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilé ìwé àti mọ́sáláṣí tó, àti ọjọ́ orí ẹni tó lè wọ̀ ọ́, àwa la dìbò fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé kasínò wá sí àdúgbò wa, a lè kọ ìwé, a lè pè é wá sí ìpàdé, a sì lè pe àwọn aládùúgbò wa tí kì í ṣe Mùsùlùmí mọ́ra, nítorí pé owó ìwé ọmọ tiwọn náà ni yóò lọ.

Ṣùgbọ́n mi ò tíì dáhùn ọmọ yẹn tán. Bàbá rẹ̀ kò níṣẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé èbúté fún àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni ní 2006, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí ebi ń pa kò ní gbọ́ wáàsí "hàràámù ni" tí kò bá ní ìtẹ̀síwájú. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Èkó rí i ní 1923 pé àwọn ọmọ wa ń wá ìwé lọ sí ibi tí ẹ̀sìn wọn ti lè bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọn kò fi ìbínú lásán dáhùn. Wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀, wọ́n sì kọ́ ilé ìwé. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò ló gba àwọn ọmọ náà là.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa gba Sàká jọ kí a sì fi ra irinṣẹ́ fún ọ̀dọ́ tó kọ́ṣẹ́ tán. Ẹ jẹ́ kí a sọ èsúsú wa di ńlá, kí ẹni tó fẹ́ owó òwò má baà lọ wá a nídìí kẹ̀kẹ́. Àwọn ilé owó tí kì í gba èlé wà báyìí, bí irú Jaiz tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2012. Ẹ̀yin òbí, ẹ béèrè ohun tí ọmọ yín ń tẹ̀ lórí fóònù. Ẹni tí tẹ́tẹ́ ti mú, ẹ má ṣe fi í ṣẹ̀sín. Ẹ gbà á mọ́ra kó lè ronú pìwà dà. Ànábì wa kọ́ wa pé ẹni tó bá tilẹ̀ pe ẹnì kejì rẹ̀ wá ta tẹ́tẹ́, kó yára ṣe sàdáákà. Ọwọ́ tó fẹ́ fi owó ṣòfò, kó fi í ṣàánú.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo ka ìtàn yìí fún àwọn ọmọ mi. Ọmọ tó gbèjà kasínò dákẹ́ títí, ó wá ní: "Àlùfáà, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n bàbá mi ńkọ́?" Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wá fún gbogbo wa. Bí a kò bá dá a lóhùn, kasínò yóò dá a lóhùn.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ajé tí yóò gúnlẹ̀ sí wa jẹ́ ajé hàláàlì, kí Ó sì jẹ́ ká rí i jẹ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Àmín.